Ìmúrasílẹ̀ àti Sùúrù Ju Oríire Lọ: Ẹ̀kọ́ Lára Ọdẹ Àgbọ̀nrín

Bí ẹ̀rùn bá ti wọlé, tí iṣu ti wọ abà, tí omi odò Ọya sì ti ń fà padà sínú ojú odò, ọ̀pọ̀ nínú àwa àgbẹ̀ tí a tẹ̀dó sí agbègbè Onitsha a máa gbé ìbọn kọ́ èjìká. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ẹran igbó jẹ́ oúnjẹ fún ilé, ó sì ń mú owó díẹ̀ wọlé ní àkókò tí iṣẹ́ oko dín kù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kíyè sí ohun kan. Bí ọdẹ mẹ́wàá bá ń jáde, àwọn kan náà ni ó sábà máa ń ru ẹran bọ̀, àwọn kan náà ni ó sì ń fi ọwọ́ òfo padà wálé. Bí a bá bi àwọn tí kò rí pa léèrè, wọn a ní, "Orí onítọ̀hún ni ó dára."

Ṣé orí nìkan ni? Ohun tí ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí fẹ́ yẹ̀ wò nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹni tí ó bá gbà pé oríire ni ó ń pa ẹran yóò fi òru púpọ̀ ṣòfò, yóò sùn lọ́sàn-án nígbà tí ó yẹ kí ó wà lóko, bí ó bá sì gbọ́ tí koríko mì, yóò yìnbọn kí ó tó mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe kú sínú igbó nìyẹn. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ yìí kan ẹni tí ń ṣọdẹ, ó sì kan ẹni tí kò fọwọ́ kan ìbọn rí.

ÌPÍN KÌN-ÍN-NÍ: MỌ ẸRAN TÍ O Ń LÉPA

Àgbọ̀nrín ni ẹran tí àwọn Yorùbá mìíràn ń pè ní ìgalà. Àwọn Ìgbò tí a jọ ń gbé níhìn-ín a máa pè é ní mgbada. Kò rí bí irú èyí tí ó wà ní ilẹ̀ òyìnbó, tí ìwo rẹ̀ ń já bọ́ lọ́dọọdún tí òmíràn sì ń hù. Ìwo àgbọ̀nrín tiwa kì í bọ́. Akọ ni ó ń ní ìwo, ó sì máa ń lọ́ díẹ̀ bí okùn. Ara rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ní ìlà funfun àti àmì tótòtó funfun káàkiri. Nítorí àmì wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ ṣe sọ ọ́ ní Tragelaphus scriptus. Èdè Látìn ni, ọ̀rọ̀ kejì yẹn sì túmọ̀ sí ohun tí a kọ nǹkan sí lára. Akọ tí ó dàgbà dáadáa lè wọ̀n tó 40 kìlógíráàmù tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwà rẹ̀ nìwọ̀nyí:

1. Ó máa ń dá rìn ni. A kì í sábà rí i ní agbo bí màlúù.

2. Igbó dídí tí ó sún mọ́ omi ni ó fẹ́ràn. Etí igbó ni ó ti ń jáde wá jẹun, kì í fẹ́ dúró pẹ́ ní gbangba.

3. Ìdájí, ìrọ̀lẹ́ àti òru ni ó ń rìn jù. Bí oòrùn bá mú, yóò dùbúlẹ̀ sínú igbó ṣíṣú.

4. Ewé, ọ̀mùnú àti èso tí ó já bọ́ sílẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ewé ẹ̀wà, ìtàkùn ànàmọ́ tàbí ilá bá wà nítòsí igbó rẹ̀, yóò bá ọ pín in.

5. Kì í rìn jìnnà bí oúnjẹ àti omi bá wà. Ọ̀nà kan náà ni ó ń tọ̀ lọ, tí ó sì ń tọ̀ bọ̀.

6. Etí rẹ̀ mú, imú rẹ̀ sì mú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá fura, yóò dúró gbọn-in láìmira. Bí ẹ̀rù bá bà á, yóò gbó bí ajá, yóò sì wọ igbó lọ.

7. Ó mọ odò wẹ̀ dáadáa. Omi kì í dí i lọ́wọ́ láti sá.

8. Oṣù mẹ́fà ni ó fi ń lóyún, ọmọ kan ni ó sì ń bí lẹ́ẹ̀kan. Ìyá yóò fi ọmọ náà pamọ́ sínú koríko, yóò máa wá fún un lọ́mú.

Ẹ wò ó bí ìwà kọ̀ọ̀kan ṣe ń kọ́ ọdẹ lẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹran bá ń tọ ọ̀nà kan náà, kí ni a ń wá kiri gbogbo igbó sí? Bí imú rẹ̀ bá mú tó bẹ́ẹ̀, kí ni àǹfààní ẹsẹ̀ tí ó yá, bí afẹ́fẹ́ bá ti gbé òórùn wa lọ síwájú wa? Ẹni tí ó mọ ẹran náà ti ṣe ìdajì iṣẹ́ kí ó tó kúrò nílé.

ÌPÍN KEJÌ: NÍBO NI ORÍIRE WÀ?

Ẹ jẹ́ kí á fi ọdẹ méjì ṣe àpẹẹrẹ, kí á sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 20 alẹ́ nínú ẹ̀rùn kan.

Ọdẹ kìn-ín-ní ń lọ sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbé e lọ. Lónìí, apá odò; lọ́la, apá òkè; lọ́túnla, ibi tí ó gbọ́ pé ẹnì kan ti pa ẹran. Gbogbo 20 alẹ́ ni ó fi rìn. Bí ó bá pàdé àgbọ̀nrín, ẹran náà ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nítorí ẹni tí ń rìn kò lè ṣe kí ewé gbígbẹ má dún.

Ọdẹ kejì fi ìrọ̀lẹ́ 6 rìn láìmú ìbọn dání. Ó wo ipasẹ̀, ó wo ìgbẹ́ ẹran, ó wo ewé tí a já jẹ, ó mọ ọ̀nà méjì tí ẹran ń gbà lọ mu omi. Ó wá igi tí ó dára fún ẹ̀gùn, ìyẹn pẹpẹ tí ọdẹ ń kàn sórí igi láti jókòó dúró de ẹran. Alẹ́ 14 ni ó kù fún un. Nínú 14 yìí, ó kọ̀ láti jáde ní gbogbo ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ kò bá dára.

Ta ni ó fi àkókò ṣòfò nínú àwọn méjèèjì? Lójú ẹni tí ń kánjú, ọdẹ kejì ni, nítorí alẹ́ 6 ni kò mú ìbọn jáde rárá. Ṣùgbọ́n gbogbo alẹ́ tí ó bá jókòó, ibi tí ẹran ń gbà ni ó jókòó sí. Ọdẹ kìn-ín-ní ń wá ẹran. Ọdẹ kejì ń retí ẹran.

A kò sọ pé kò sí oríire. Ẹlòmíràn lè ti lé ẹran náà lọ láàárọ̀. Afẹ́fẹ́ lè yí padà lójijì. Òjò tí ẹnikẹ́ni kò retí lè rọ̀. Kò sí ọdẹ tí ó lè pàṣẹ fún nǹkan wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n oríire dà bí òjò gan-an. Kò sí àgbẹ̀ tí ó lè fa òjò wálẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó ti kọ ebè sílẹ̀ ni òjò ń ṣe lóore. Ẹni tí kò kọ ebè, koríko ni òjò ń bá a wò dàgbà.

ÌPÍN KẸTA: ÌMÚRASÍLẸ̀ ỌDẸ

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Àwọn ohun mẹ́fà yìí ni kí ọdẹ ṣe kí ó tó jáde:

1. Gba ààyè. Ilẹ̀ yìí ní onílẹ̀. Bí o bá fẹ́ wọ igbó, kọ́kọ́ kí onílẹ̀ àti àwọn ọdẹ ìlú, kí wọ́n mọ̀ ọ́, kí ìwọ náà sì mọ ibi tí wọ́n dẹ tàkúté sí. Òfin ìbọn ti 1959 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti ní ìbọn láìní ìwé àṣẹ. Igbó tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀, má ṣe wọ̀ ọ́ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ń bójú tó igbó.

2. Ka ilẹ̀ bí ìwé. Pátákò àgbọ̀nrín là sí méjì, ẹnu rẹ̀ sì ṣe ṣónṣó. Bí etí ipasẹ̀ bá ṣì mú, tí eruku kò tíì kún un, ẹran náà kò tíì kọjá pẹ́. Ìgbẹ́ tí ó ń dán tí ó sì tutù jẹ́ ti òní. Èyí tí ó gbẹ tí ó sì ń fọ́ ti pẹ́. Ẹni tí ń tọ ipasẹ̀ gbígbẹ kiri ni a lè sọ fún pé àgbọ̀nrín èṣí ni ó ń jẹ lọ́bẹ̀.

3. Mọ afẹ́fẹ́. Nígbà ọyẹ́, apá àríwá àti ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń wá. Nígbà òjò, apá gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ni. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ibi ìjókòó tí ó dára ní oṣù kìn-ín-ní lè burú ní oṣù kẹfà. Dúró sí ibi tí afẹ́fẹ́ yóò ti máa gba ọ̀dọ̀ ẹran wá sọ́dọ̀ rẹ. Ní ẹ̀bá odò, afẹ́fẹ́ a máa yí padà bí ilẹ̀ bá ń ṣú, nítorí náà, mú eérú díẹ̀ dání. Tú u sílẹ̀ lọ́wọ́, kí o wo apá ibi tí ó ń fò lọ.

4. Mọ omi. Omi odò Ọya ní Onitsha a máa bẹ̀rẹ̀ sí kún ní nǹkan bí oṣù keje. Ní oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá ni ó ń kún jù, yóò sì máa fà láti oṣù kọkànlá títí di ìgbà tí yóò lọ sílẹ̀ jù ní oṣù kẹta sí oṣù kẹrin. Bí omi bá kún, ẹran a fi ilẹ̀ àbàtà sílẹ̀ lọ sí orí ilẹ̀ gíga. Bí omi bá fà, koríko tuntun a hù sí etí odò, ẹran a sì padà síbẹ̀. Ẹni tí kò mọ kàlẹ́ńdà omi yóò máa jókòó sí ibi tí ẹran ti kó kúrò.

5. Tọ́jú irin iṣẹ́. Ìbọn ṣakabùlà kì í yìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí a tó tún kì í, kíkì rẹ̀ sì ń gba àkókò. Èyí fi hàn pé ìyìn kan náà ni gbogbo ìrètí rẹ. Ṣé ẹ̀tù rẹ gbẹ? Ṣé ẹnu ìbọn mọ́, tí ìpẹtà kò sì ti jẹ ẹ́? Má ṣe ki ẹ̀tù ní àkìjù, nítorí ìbọn tí ó bẹ́ a máa gé ọwọ́ ẹni tí ó mú un. Yẹ iná ọdẹ wò nílé, kí ó má ṣe jẹ́ inú igbó ni ìwọ yóò ti mọ̀ pé kò tàn mọ́.

6. Tọ́jú ara rẹ. Má ṣe fi ọṣẹ olóòórùn wẹ̀ lọ sígbó, má ṣe mu sìgá níbẹ̀, má sì fi ọtí sínú gbé ìbọn. Sọ fún ará ilé rẹ ibi tí o ń lọ àti àkókò tí o fẹ́ padà. Bí ejò bá bù ọ́ ṣán, ibo ni wọn yóò ti wá ọ bí kò sí ẹni tí ó mọ̀?

ÌPÍN KẸRIN: SÙÚRÙ KÌ Í ṢE ÌJÓKÒÓ LÁSÁN

Àwọn ọ̀dọ́ sábà máa ń rò pé ẹni tí ó ní sùúrù kò ṣe nǹkan kan. Irú ọ̀rọ̀ báyìí a máa wáyé láàárín ọ̀dọ́mọkùnrin àti àgbà ọdẹ:

"Bàbá, ẹ kú ewu igbó. Orí yín mà dára o! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ yìnbọn."

"Ó ṣeun, ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀kan ni ìwọ gbọ́. Alẹ́ mélòó ni o mọ̀ pé mo jókòó tí n kò yìnbọn?"

"Bàbá, n kò mọ̀."

"Alẹ́ márùn-ún ni. Ní alẹ́ kejì, abo kan kọjá lábẹ́ mi, ikùn rẹ̀ tóbi. Mo jẹ́ kó lọ. Ní alẹ́ kẹrin, akọ yìí gan-an wá, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni ó kọ sí mi, igi sì dí àyà rẹ̀. Mo jẹ́ kó lọ."

"Ẹ jẹ́ kó lọ, Bàbá? Bí kò bá padà wá ńkọ́?"

"Bí mo bá yìn ín tí ó gbọgbẹ́ lọ, kò ní padà wá rárá. Èyí tí kò gbọ́ ariwo mi ni ó lè padà wá."

Iṣẹ́ ni àgbà yìí ń ṣe ní gbogbo alẹ́ márùn-ún náà. Ẹ kíyè sí ohun tí sùúrù rẹ̀ ṣe. Èkíní, ó dá abo tí ó lóyún sí. Ẹni tí ó bá pa aboyún ẹran ti pa méjì lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan péré ni yóò sì rí jẹ. Nígbà tí ó jẹ́ pé ọmọ kan ni àgbọ̀nrín ń bí lẹ́ẹ̀kan, igbó tí a ń pa abo rẹ̀ kò ní pẹ́ dákẹ́. Èkejì, ó dúró títí ẹran fi fi ẹ̀gbẹ́ hàn án kedere. Ọgbẹ́ tí kò pa ẹran a máa mú un jìyà, yóò lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i, ọdẹ yóò sì pàdánù.

Sùúrù kò parí nígbà tí ìbọn bá dún. Bí ẹran bá sá lọ pẹ̀lú ọgbẹ́, má ṣe sáré tẹ̀ lé e. Fi ojú sàmì sí ibi tí ó gbà, tún ìbọn rẹ kì, kí o sì jókòó fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ẹran tí a kò lé yóò dùbúlẹ̀ nítòsí. Èyí tí a lé yóò sá dé ibi tí agbára rẹ̀ bá gbé e dé. Akọ àgbọ̀nrín tí ó gbọgbẹ́ sì lè fi ìwo gún ènìyàn, nítorí náà, ìkánjú níbẹ̀ léwu fún ọ. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a fagbára mú ní í nini lára.

ÌPÍN KARÙN-ÚN: OHUN TÍ ÌKÁNJÚ Ń DÁ SÍLẸ̀

Yíyìnbọn sí ariwo. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà ẹran, ariwo ni ó ń yìnbọn sí. Koríko mì, ó yìn. Iná tàn sí ojú tí ń kọ mànà, ó yìn. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ń ṣẹ́gi lè mi koríko, ojú ewúrẹ́ aládùúgbò a sì máa kọ mànà bí ojú àgbọ̀nrín. Òfin ọdẹ kan wà tí kò gbọdọ̀ yẹ̀: bí o kò bá tíì rí gbogbo ara ẹran náà, má ṣe yìn. Kí o tún mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ọta tí ó bá tàsé kò mọ ẹni.

Sísun igbó. Àwọn kan a máa tiná bọ igbó kí ẹran lè sá jáde. Nígbà ọyẹ́, iná tí a tàn láàárọ̀ lè dé abà iṣu ẹlòmíràn kí ó tó di ọ̀sán. Ẹran kan kò tó san gbèsè iṣu ọdún kan. Iná náà a tún jó ọ̀mùnú tí ìbá fa ẹran wá lọ́dún tí ń bọ̀.

Fífi oró pa ẹran. Oògùn kòkòrò tí a ṣe fún oko, bí irú Gammalin 20 tí àwọn kan ti lò fún ẹja àti ẹran, kì í fi ara ẹran sílẹ̀ bí a bá sè é. Ẹni tí ó jẹ ẹran náà ti jẹ oró. Ẹni tí ó tà á lọ́jà ti ta oró fún ọmọ ọlọ́mọ.

Gbígbé òkú ẹran. Ní ibí yìí ni oríire ti ń tan ènìyàn jù. Bí o bá bá òkú àgbọ̀nrín nínú igbó, tí o kò mọ ohun tí ó pa á, má ṣe pe ìyẹn ní oríire. Ó lè jẹ́ oró, ó sì lè jẹ́ àrùn. Ní oṣù keje 2023, wọ́n rí àrùn ántíráàsì lára ẹran ọ̀sìn ní Suleja ní Ìpínlẹ̀ Niger, ìjọba sì kìlọ̀ káàkiri. Àrùn yìí a máa mú ẹran ọ̀sìn àti ẹran igbó tí ń jẹ ewé, ẹni tí ó bá dú irú ẹran bẹ́ẹ̀ tàbí tí ó jẹ ẹ́ lè kó o. Má ṣe fọwọ́ kàn án, má ṣe là á. Lọ sọ fún dókítà ẹran tàbí òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn tí ó sún mọ́ ọ jù.

ÌPÍN KẸFÀ: Ẹ̀RÍ LÁTI Ọ̀NÀ JÍJÌN ÀTI LÁTI ẸNU ỌNÀ WA

Ní Winneba, ní etí òkun ilẹ̀ Ghana, àwọn ará Efutu a máa ṣe ọdún kan tí wọ́n ń pè ní Aboakyer ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù karùn-ún. Ẹgbẹ́ méjì, Tuafo àti Dentsefo, ni ó ń wọ igbó ní ìdájí láti fi ọwọ́ lásán mú àgbọ̀nrín láàyè, láìlo ìbọn. Ẹgbẹ́ tí ó bá kọ́kọ́ gbé e dé iwájú ọba ni ó borí. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé eré sísá àti oríire ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti àgbọ̀nrín lọ. Bí wọ́n ṣe ń mú un ni pé wọ́n ń pín ara wọn, wọ́n ń yí igbó ká, àwọn kan ń pariwo lé e, àwọn kan ń dúró sí ibi tí yóò gbà jáde. Bí ẹnì kan bá fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ni ẹran yóò gbà lọ.

Ẹ̀rí kejì wà lórí odò tí a ń mu yìí. Ní 1841, ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta gba odò Ọya wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, wà lára àwọn tí ó bá wọn lọ. Ibà dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn òyìnbó wólẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kú, ìrìn-àjò náà sì fọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wí pé odò yìí kò ṣe é wọ̀. Ní 1854, ọkọ̀ mìíràn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pleiad tún wá, dókítà William Baikie ni olórí rẹ̀, Crowther sì tún wà níbẹ̀. Odò kan náà ni, ẹ̀fọn kan náà ni. Ṣùgbọ́n Baikie fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní oògùn kuníìnì kí ibà tó mú wọn, kò dúró dìgbà tí wọ́n bá dùbúlẹ̀. Wọ́n lò ju oṣù mẹ́ta lọ lórí odò, kò sì sí ẹni tí ó kú nínú ọkọ̀ náà. Ní oṣù keje 1857, Crowther àti àlùfáà John Christopher Taylor gúnlẹ̀ sí Onitsha, wọ́n sì dá iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má ṣe sọ pé oríire 1854 dára ju ti 1841 lọ. Ìmúrasílẹ̀ ni ó yàtọ̀.

ÌPÍN KEJE: Ẹ MÚ Ẹ̀KỌ́ NÁÀ LỌ SÍ OKO

Àgbẹ̀ tí ó tẹ̀dó sí ilẹ̀ àkúrọ̀ odò Ọya àti odò Anambra mọ̀ pé ilẹ̀ náà lọ́ràá, ṣùgbọ́n omi ni ó ni ín. Ní 2012, omi kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó bo oko àti ilé ní Ogbaru àti ní Anambra West, ọ̀pọ̀ ìdílé sì sá kúrò. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2022. Ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé oríire yóò ní, "Bóyá omi kò ní dé ọ̀dọ̀ mi lọ́dún yìí." Ẹni tí ó ń múra sílẹ̀ yóò ṣe bí ọdẹ kejì:

1. Yóò gbin nǹkan sí àkúrọ̀ ní kété tí omi bá ti fà, kí ó lè wà á kí omi tó tún dé.

2. Yóò yan irú ègé àti irú iṣu tí ó tètè ń gbó fún ilẹ̀ ìsàlẹ̀, yóò sì fi èyí tí ń pẹ́ sí orí ilẹ̀ gíga.

3. Yóò gbọ́ ìkìlọ̀ àwọn àjọ ìjọba tí ń sọ nípa òjò àti àkúnya omi lọ́dọọdún, yóò gbọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kì í ṣe nígbà tí omi bá dé orókùn.

4. Yóò kọ́ abà iṣu rẹ̀ sí ibi tí omi kò dé rí, yóò sì ro etí oko rẹ̀ mọ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kí ẹ̀rùn tó mú, kí iná má baà wọ̀ ọ́.

5. Bí àgbọ̀nrín bá ń jẹ ẹ̀wà rẹ̀, yóò sá etí igbó sẹ́yìn, yóò sì ṣe ọgbà yí oko ká, dípò kí ó máa fi gbogbo òru sáré lé ẹran kan ṣoṣo.

Ẹ ò rí i pé ohun kan náà ni? Ọ̀nà ẹran ni ọdẹ ń kà. Ọ̀nà omi ni àgbẹ̀ ń kà. Àwọn méjèèjì ń ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rí, kí ọjọ́ tí gbogbo ayé yóò rí tó dé. Àwọn àgbà sì ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ìṣẹ́ àti ìyà yẹn ni ẹni tí ń sọ pé "orí rẹ̀ ló dára" kò rí.

ÀKÓPỌ̀

Oríire wà, ṣùgbọ́n kò sí lọ́wọ́ wa. Ìmúrasílẹ̀ àti sùúrù wà lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí á ṣe èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa tán, kí á tó béèrè èyí tí kò sí lọ́wọ́ wa.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Dárúkọ ìwà àgbọ̀nrín mẹ́rin, kí o sì sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń kọ́ ọdẹ.

2. Ní oṣù kìn-ín-ní, apá ibo ni ó yẹ kí ọdẹ jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ẹran? Kí ni ìdí rẹ̀?

3. Kí nìdí tí kò fi yẹ kí á gbé òkú ẹran tí a bá nínú igbó?

4. Kí ni Baikie ṣe ní 1854 tí àwọn ti 1841 kò ṣe? Irú ìmúrasílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wo ni ó kù tí a kò tíì ṣe nínú oko wa lọ́dún yìí?

5. Ọdún wo ni omi dé oko rẹ gbẹ̀yìn? Níbo ni ó dúró? Lọ fi òpó sàmì sí ibẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó mọ̀wé kà, kí ó ka ẹ̀kọ́ yìí sí etí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà. Kí àwọn tí ó ní ìbọn nínú wa jókòó pọ̀ kí ẹ̀rùn tó dé, kí wọ́n pín ọ̀sẹ̀ àti apá ibi tí oníkálukú yóò máa lọ láàárín ara wọn, kí ọdẹ má baà ṣe ọdẹ léṣe.